Bí mo ṣe ṣètò èdè tí client àti server yóò máa bá ara wọn sọ

Database kékeré kan ni mo fi Go, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ, fún àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ láti ìta. Ètò tó gbé e dání nìkan ló ń lò ó. Nígbà tí àwọn èèyàn wá fẹ́ máa fi Python àti fóònù wọ inú rẹ̀, ó di dandan kí n ṣe èdè kan fún un tí yóò máa gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí client (ètò tó ń bèèrè) àti server (ètò tó ń dá a lóhùn) yóò máa fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí n sì kọ ìlànà èdè náà síta gbangba kí ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé n kò lè yá ti ẹlòmíràn lò ni? CockroachDB yá ti PostgreSQL (database ni àwọn méjèèjì), ó sì jèrè rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ client tó ti wà nílẹ̀ fún PostgreSQL ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yá èdè yẹn, ó máa ń yá ẹrù mọ́ ọn. Tẹ \d, àṣẹ tó ń bèèrè àwọn tábìlì tó wà, nínú psql tó jẹ́ client PostgreSQL, psql á bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tábìlì pg_catalog, níbi tí PostgreSQL ń kọ ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ sí, léèrè ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ database tèmi kò ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Ǹ bá kàn máa sín PostgreSQL jẹ títí ayé ni. HTTP, ọ̀nà tí wẹ́ẹ̀bù ń gbà sọ̀rọ̀, pẹ̀lú JSON, ọ̀nà ìkọ dátà, ńkọ́? Ó dára fún ìbéèrè ẹyọ kan, ṣùgbọ́n transaction (àwọn àṣẹ tó gbọ́dọ̀ yọrí pọ̀, tàbí kí gbogbo wọn já sí asán) ń fẹ́ server tó rántí ibi tí ẹ bá ọ̀rọ̀ dé. Mo wá pinnu pé màá ṣe tèmi, màá sì ṣa ohun tó dára nínú ti àwọn tó ti ṣáájú mi.

Ìrísí ọ̀rọ̀ ni mo kọ́kọ́ mú. Ti Redis, database mìíràn, dùn mọ́ mi nínú gan-an: bí o bá fi telnet (ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ ránṣẹ́ sí server) wọ port 6379, ẹnu ọ̀nà tí Redis ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tí o tẹ PING, +PONG ni yóò fi dá ọ lóhùn, ojú lásán lo sì fi ń rí ohun tó ń lọ. MySQL, tí òun náà jẹ́ database, ń fi báìtì mẹ́ta sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó bá ti tó 16,777,215 báìtì, àfi kí wọ́n pín in. Ti PostgreSQL ni mo mú: lẹ́tà kan tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀, Q láti ọ̀dọ̀ client fún ìbéèrè, D láti ọ̀dọ̀ server fún ìlà dátà kan, lẹ́yìn náà báìtì mẹ́rin fún gígùn. Níbi tí dátà kò bá sí rárá, gígùn rẹ̀ á jẹ́ -1, kí ó má bàa dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ òfìfo tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 0.

Báìtì mẹ́rin yẹn léwu o. Àjèjì tí kò tíì sọ orúkọ lè ní ọ̀rọ̀ òun gùn tó gígábáìtì kan, kí server tí kò fura sì ya mẹ́mórì sọ́tọ̀ dè é. PostgreSQL kì í gbà ju 10,000 báìtì lọ nínú ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi tèmi sí 4,096, títí ẹni náà yóò fi fi ara rẹ̀ hàn.

Ta ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ní MySQL, server ni, ó sì ń sọ version rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá kàn án, títí kan ẹni tó kàn ń yọjú wo port kiri. Ẹni tó wá síni nílé ló ń kágò, onílé kì í kágò fún àlejò. Mo jẹ́ kí client ṣáájú. Ní ti ìbòrí, ìyẹn bíbo ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn má lè kà á, àṣà PostgreSQL àtijọ́ ni pé client á fi nọ́ńbà 80877103 ránṣẹ́ láìbò, láti bèèrè bóyá TLS, ètò ìbòrí náà, wà, server á fi S tàbí N dáhùn. Ní 2021 ni wọ́n kéde àlèébù ààbò kan, CVE-2021-23214: lábẹ́ àwọn ìṣètò kan, ẹni tó lúgọ sáàárín lè ti àṣẹ SQL (èdè tí a fi ń pàṣẹ fún database) tirẹ̀ wọlé kí ìbòrí tó bẹ̀rẹ̀, server á sì rò pé client ló sọ ọ́. PostgreSQL 17 ti fàyè gba kí TLS bẹ̀rẹ̀ tààrà. Ní tèmi, kò sí ọ̀nà mìíràn. SCRAM-SHA-256, ọ̀nà tí client fi ń fi hàn pé òun mọ password láìfi í ránṣẹ́, ni mo fi ṣe password bó ṣe wà nínú RFC 7677, ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń dá ètò password tirẹ̀ sílẹ̀, wàhálà ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe ló gba àkókò mi jù. Bí client bá wà ní Ìbàdàn tí server wà ní Frankfurt, kò yẹ kí client máa dúró de èsì àṣẹ kan kó tó fi òmíràn ránṣẹ́. Ó yẹ kó lè kó mẹ́wàá jọ lẹ́ẹ̀kan. Ó dáa. Ká ní àṣẹ kejì ní kí a yọ ₦50,000 nínú owó ọmọ ẹgbẹ́ kan, ẹ̀kẹta sì ní kí a fi kún ti ẹlòmíràn. Server kọ èkejì, owó kò tó. Ẹ̀kẹta ti wà lójú ọ̀nà. Ó dé, server ṣe é. Owó tí kò ti ibì kankan wá ti balẹ̀ sínú àkáǹtì.

Láti PostgreSQL 7.4 ní 2003 ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ Sync yanjú èyí. Bí àṣẹ kan bá kùnà, server á sọ àṣìṣe náà lẹ́ẹ̀kan, á sì máa da gbogbo ohun tó tẹ̀lé e nù títí yóò fi kan Sync. Níbẹ̀ ni yóò ti fi Z ránṣẹ́ pé òun ti ṣetán, pẹ̀lú báìtì kan: I bí kò bá sí transaction, T bí ó bá wà láàárín rẹ̀, E bí transaction náà bá ti bàjẹ́. Bó ṣe wà ni mo ṣe mú un. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé client ló ń pa ààlà; server kò ní láti máa méfò.

Ibi ìdádúró ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Bí o bá fẹ́ dá ìbéèrè tó ń pẹ́ dúró ní PostgreSQL, o máa ṣí ìsopọ̀ tuntun ni, o máa mú kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí wọ́n fún ọ níbẹ̀rẹ̀ dání. Nínú Go, goroutine (iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn) kan lè máa gbọ́ kí òmíràn máa ṣiṣẹ́, nítorí náà “dúró” lè gba ojú ìsopọ̀ kan náà wọlé. Ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ dé, kí ìbéèrè tó ń lé ti parí, kó wá pa èyí tó tẹ̀lé e. Ìdí nìyí tí gbogbo ìbéèrè fi ní nọ́ńbà: “dúró” gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà tó ń wá, bí ìyẹn bá sì ti parí, server á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Version náà ní ìtàn tirẹ̀. Èdè PostgreSQL wà lórí version 3.0 láti 2003 títí PostgreSQL 18 fi mú 3.2 dé ní 2025. Wọ́n fo 3.1 dá, torí pé àwọn pgbouncer àtijọ́ (ètò tó ń dúró sáàárín client àti PostgreSQL) máa ń ní àwọn gbọ́ ọ nígbà tí wọn kò gbọ́ ọ. Mo wá fi ìdánwò kan sí i tó máa ń mú version tí kò sí láyé lọ bá server, kí n rí i pé èyí tó mọ̀ ló fi dáhùn.

Ìwé ìlànà ni mo ka sí èdè náà, n kò ka kóòdù mi sí i. Ṣáájú 2008 tí Microsoft fi ìlànà TDS, èdè database SQL Server rẹ̀, síta, báìtì orí wáyà ni àwọn tó ń ṣe FreeTDS, client ọ̀fẹ́ fún èdè náà, ń tú wò. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jìyà bẹ́ẹ̀ nítorí tèmi. Mo fún àbúrò kan tó ń kọ Python ní ìwé náà, mo ní kó ṣe client láìwo Go mi rárá. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ dé kíá: “Ẹ̀gbọ́n, gígùn tí ẹ kọ yìí, ṣé ó ka báìtì mẹ́rin tirẹ̀ mọ́ra ni?” Ó kà á mọ́ra, ṣùgbọ́n kì í ka lẹ́tà iwájú. Ó tún bèèrè ohun tí òun máa ṣe bí lẹ́tà tí òun kò mọ̀ bá dé: pa ìsopọ̀ náà dé, má méfò. Gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ló di gbólóhùn nínú ìwé, pẹ̀lú àpẹẹrẹ báìtì ní hex. Ìwé àṣẹ ìlò Apache 2.0 ni mo fi kóòdù sí nítorí ọ̀rọ̀ patent, CC BY 4.0 ni ti ìwé.

Client Python náà ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò yìí ń fẹ́ kí a máa fún dátà pọ̀ kó lè tètè máa lọ, mo sì ti kọ̀ fún un báyìí ná. Ìkọlù kan tí wọ́n pè ní CRIME ti fi hàn ní 2012 pé bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó lẹ́yìn tí a fún un pọ̀ lè tú àṣírí inú rẹ̀ síta, bí TLS tilẹ̀ bò ó, TLS 1.3 sì ti yọ ìfúnpọ̀ kúrò pátápátá. Mo ti fi lẹ́tà kan pamọ́ fún ìfúnpọ̀ nínú ìwé, bí ẹnikẹ́ni bá mú ọ̀nà tó dára ju ìyẹn wá.