Bí a ṣe ń gbin ewédú sí ẹ̀yìnkùlé títí yóò fi dénú ìkòkò

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó gbin ewédú sílé máa ń sọ: "Mo fọ́n ọn, kò hù." Wọ́n á wá máa bú ẹni tó ta hóró fún wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹjọ́ rẹ̀ kọ́. Hóró ewédú ní èèpo líle tí omi kì í tètè wọ̀, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́ láìyọjú. Ẹ ní láti kọ́kọ́ jí i.

Ẹ di hóró náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ gbé omi kaná. Bó bá ti hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀, ẹ ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì tì í bọ omi tútù kíá. Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ni o. Ẹni tó bá lọ gbé fóònù láàárín ìyẹn ti se irúgbìn rẹ̀ jinná. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji kó gbẹ, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà.

Ibi tí oòrùn ti ń pa dáadáa ni kí ẹ kọ ebè sí. Kó má fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ yín lè dé láìtẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti pẹ́, tó ti jẹrà, ni kí ẹ pò mọ́ ọn, nítorí èyí tó ṣì tutù máa ń jó ewé. Ẹ jìnnà sí ibi tí mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì nù. Ẹni tí kò nílẹ̀ lè lo àpò ìrẹsì tó lu nídìí.

Hóró yìí kéré gan-an, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ kó má baà dà sójú kan. Ẹ fi igi fa ilẹ̀ ní ìlà-ìlà, ẹ fọ́n ọn, ẹ fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, kí ẹ sì máa bomi rin ín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á ti yọrí. Bó bá fún pọ̀, ẹ fa díẹ̀ tu. Èyí tí ẹ fà tu gan-an, ọbẹ̀ ni.

Kòkòrò á wá. Ẹ máa fọwọ́ ṣa wọ́n láàárọ̀. Ní tèmi, mi ò ní wọ́n oògùn sórí ewé tí mo fẹ́ sè lọ́la. Ihò wẹ́wẹ́ kì í ba ewédú jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ewédú náà kò bá dàgbà mọ́, tí ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ fà á tu kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá ní kókó-kókó, aràn inú ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ má gbin ewédú, ilá tàbí tòmátì síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ó ti tó gé. Ẹ má fà á tu: ẹ fi ọ̀bẹ gé e, kí ẹ ṣẹ́ku bí ìka mẹ́rin sórí ilẹ̀, á tún yọ ẹ̀ka. Bó bá ti ń tanná, ewé rẹ̀ á dínkù. Ẹ fi igi kan tàbí méjì sílẹ̀ kó so, kí ẹ lè rí hóró tọ́jú.

Ẹ fọ ewé náà kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ọ̀bẹ. Omi díẹ̀ lórí iná, kán-ún bí ẹ̀wà kan, ẹ da ewé sí i, ẹ fi ìjábẹ̀ já a títí yóò fi fà. Ẹ má dé e, kó má baà ṣú. Irú, iyọ̀, ó parí, kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ewédú a máa tètè rọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi í jáde lọ gé e àfi bí omi àmàlà bá ti ń hó lórí iná.