Ẹ̀yin ọlọ́bẹ tó ń ṣe fídíò, ẹ ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ o
Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ará Dùgbẹ̀ àti Ògúnpa. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ba fídíò ọ̀bẹ jẹ́ jù. Irin ń kọ mànà bíi dígí. Iná fóònù tàbí oòrùn ọ̀sán á sọ ọ́ di funfun báláú, ẹnu ọ̀bẹ ò ní hàn mọ́. Ẹ gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ bo fèrèsé náà, kí ẹ sì tẹ́ aṣọ dúdú sábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹ nu àpá ìka kúrò lára irin. Ẹ wá tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀ níbi tí ọ̀bẹ wà, kó má baà máa ṣe bàìbàì.

Tòmátì tó rọ̀ ni kí ẹ fi dán an wò bóyá ọ̀bẹ mú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ kàn fa ọ̀bẹ lórí ẹ̀. Ẹ lè fi gé bébà náà, àmọ́ etí làwọn tó fẹ́ràn ọ̀bẹ fi ń gbọ́ bó ṣe ń gé e: tí ẹ bá gbọ́ pé ó ń há, ẹnu ọ̀bẹ ti kú níbì kan nìyẹn, ẹ lọ pọ́n ọn kí ẹ tó yà á.

Ẹ fi rúlà wọn gígùn rẹ̀. Ẹ sì sọ irú irin tó jẹ́: èyí tí agbẹ̀dẹ rọ máa ń dípẹtà tí wọn ò bá nù ún gbẹ, torí náà ẹ sọ fún oníbàárà kó fi òróró díẹ̀ pa á.