Ìjàpá Omi Tuntun: Bí A Ṣe Ń Mú Un La Oṣù Àkọ́kọ́ Já

Ìjàpá omi elétí pupa, tí agbègbè odò Mississippi ní Amẹ́ríkà jẹ́ ilé rẹ̀ gan-an, wọ́pọ̀ lọ́jà ẹran ọ̀sìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣàìsàn kó tó di pé a rà wọ́n, àwa la kì í tètè rí i.

Lọ́jọ́ tó bá wọlé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ là kedere, imú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ máa hó bí ọṣẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ igbá ẹ̀yìn rẹ̀: ti ọmọ kékeré lè rọ̀ díẹ̀ bí èékánná, ṣùgbọ́n ti àgbà gbọ́dọ̀ le gbagidi. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa tún un wọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ìjàpá mìíràn bá ti wà nílé, 90 ọjọ́ ni kí ẹ fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Báàfù oníke lásán, tí kò ní yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́ nínú, ló dára jù fún àlejò. Omi ẹ̀rọ tó ní òórùn kẹ́míkà, ẹ pọn ọ́n kalẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ooru ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ìjàpá kò ní ooru tirẹ̀. Bí àyíká rẹ̀ bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ń rí. Bí omi bá tutù, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀, ara rẹ̀ kì í sì lè bá àrùn jà. Ẹ jẹ́ kí omi wà láàárín 25 sí 28°C, kí ibi gbígbẹ tó ti ń yá oòrùn sì wà láàárín 32 sí 35°C. Tẹmómítà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ọwọ́ wò ó, torí omi tó tutù jù fún un lè tu èèyàn lára.

Ooru nìkan kò sì tó. UVB, ìtànṣán oòrùn kan tí ojú kì í rí, ni ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D3, èyí tó ń jẹ́ kí kálísíọ́ọ̀mù wọ egungun. Gíláàsì fèrèsé máa ń dí UVB lọ́nà. Ẹni tó gbé ìjàpá sẹ́bàá fèrèsé, tó rò pé òun ń yá a lóòrùn, ìmọ́lẹ̀ lásán ló ń fún un, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa rọ̀ lọ. Ẹ gbé gílóòbù UVB sí nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sókè ibi gbígbẹ náà, fún wákàtí 12 lójúmọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà bó tilẹ̀ ṣì ń tàn, torí UVB máa ń tán kí iná tó kú.

Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu lè fi owó gílóòbù pamọ́. Ẹ gbé báàfù síta láàárín aago 8 sí 10 àárọ̀, kí ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ òjìji, kí ẹ sì fi àwọ̀n bò ó nítorí àṣá àti ológbò. Àmọ́ ẹ má ṣe gbé àpótí gíláàsì sínú oòrùn láéláé! Omi inú rẹ̀ á gbóná kíákíá, ìjàpá kò sì ní ibi tó lè sá sí.

Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ má fòyà. Oúnjẹ ìjàpá oníhóró, ekòló, ẹja kékeré pẹ̀lú egungun rẹ̀ àti kárọ́ọ̀tì tá a rin ni kí ẹ fún un. Kò sí búrẹ́dì, kò sí ìrẹsì. Èèpo ẹyin tá a sè, tá a sá, tá a lọ̀ kúnná, ni kálísíọ́ọ̀mù tí kò wọ́n.

Ojú tó bá wú bí ẹ̀wà tó ti rẹ sábà máa ń wá láti inú àìtó fítámì A tàbí omi ìdọ̀tí. Ojú ló fi ń wá oúnjẹ, nítorí náà ebi ló kàn. Ẹ tún omi ṣe, kí ẹ wá dókítà ẹranko. Ẹ má ṣe fún un ní abẹ́rẹ́ fítámì fúnra yín; bí ó bá pọ̀ jù, awọ ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Bó bá ń léfòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń la ẹnu mí, òtútù àyà ni kí ẹ fura sí. Ẹ dín omi kù títí yóò fi lè na ọrùn mí láìlúwẹ̀ẹ́, ẹ mú un gbóná dé 29°C, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti àlùbọ́sà tó ń ṣí lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Ẹ má fọwọ́ ṣí i. Àmọ́ igbá ẹ̀yìn tó bá rọ̀, tó ń rùn, ti ń jẹrà nìyẹn. Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi povidone-iodine, oògùn apakòkòrò tí a ń fi sí ojú egbò, tá a bu omi sí títí ó fi rí bíi tíì tí kò ní mílíìkì kùn ún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣàn án nù, kó gbẹ fún wákàtí mélòó kan níbi tó móoru. Àdí, òróró àti Vaseline kò gbọdọ̀ kàn án.

Ìjàpá tí ara rẹ̀ le pàápàá lè gbé Salmonella, kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún èèyàn. Ìdí nìyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi fòfin de títa àwọn tí igbá ẹ̀yìn wọn kò tó ínṣì mẹ́rin lọ́dún 1975. Ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún gbé e, inú ṣáláńgá sì ni kí ẹ máa da omi rẹ̀ sí, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ti ń fọ abọ́.