Bí ẹ ṣe lè dá ìkòkò màmá yín padà sí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí eékún wọn lè gbé wọn dalẹ́

Nǹkan tó lé oorun lójú mi ò ju àga kan lọ. Màmá mi, ẹni ọdún 72, fẹ́ dìde lọ bu omi mu, wọ́n fọwọ́ méjèèjì ti apá àga, wọ́n gbìyànjú, wọ́n jókòó padà, wọ́n tún gbìyànjú, ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó dìde. Obìnrin tó ń ru iṣu láti oko dé ojú títì nígbà tí mo wà ní kékeré o. Dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ torí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn pé ká dín ẹran àti iyọ̀ kù, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, kí wọ́n sì máa rìn, a ní a ti gbọ́, a gba oògùn a lọ sílé, ìkòkò ọbẹ̀ ò yí padà. Ohun tí mo ń kọ síbí ni bá a ṣe wá yí i padà gan-an, nínú ilé wa n'Íbàdàn, pẹ̀lú owó ọjà tá à ń ná tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe oúnjẹ òyìnbó ni mo fẹ́ kọ́ yín. Ní 1992, àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH níbí pẹ̀lú àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Òṣúntókun wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀, wọ́n ń tẹ̀lé àwọn àgbà ẹni ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn n'Íbàdàn, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn lọ́hùn-ún. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, àrùn Alzheimer's, èyí tó ń mú kí arúgbó gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí, ń mú èèyàn 1.15 nínú 100 lọ́dún ní Ìbàdàn, ó ń mú 2.52 nínú 100 ní Indianapolis. Wọn ò sọ pé oúnjẹ nìkan ló fà á, ọ̀rọ̀ ọpọlọ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun táwọn àgbà Ìdíkàn ń jẹ nígbà yẹn kò ṣàjèjì sí wa: àgbàdo, iṣu, ẹ̀fọ́, ẹja díẹ̀. Àwa la kúrò níbẹ̀.

Ẹ má yọ ẹran kúrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo dán an wò, màmá mi jẹ ọbẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ kejì wọ́n ti rán ọmọ aládùúgbò lọ ra pọ̀nmọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé ká jẹ́ kí ẹran di èròjà, kí ẹ̀wà wá di ẹran. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo dín ẹran kù sí ìlàjì, mo gé e wẹ́wẹ́ kó lè kárí, mo wá fi olú àti irú dí àyè ẹ̀. Irú ló ń jẹ́ kí ahọ́n gbà pé ọbẹ̀ pé, irú woro tẹ́ ẹ ti fọ yanrìn ẹ̀ kúrò dáadáa, tẹ́ ẹ dà sínú epo nígbà tí àlùbọ́sà bá ti ń ta sánsán. Tí irú bá ti wà níbẹ̀, mágí mẹ́ta lè di ẹyọ kan, iyọ̀ á sì dín kù fúnra ẹ̀. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí iyọ̀ ọjọ́ kan má tó giráàmù 5, ṣíbí kékeré kan péré nìyẹn, tòun ti èyí tó wà nínú mágí àti búrẹ́dì. Nípa pọ̀nmọ́, ẹ jẹ ẹ́ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má kà á mọ́ purotíìnì, èròjà tó ń kọ́ iṣan ara, tinú ẹ̀ ò pé.

Ẹ̀wà gan-an ni mo fẹ́ dúró lé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣubú. Àwọn àgbà á ní ó ń kún inú àwọn, àwọn ọmọ á ní ó ń jẹ gáàsì. Ẹ ṣà á lálẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀, tílẹ̀ bá mọ́ ẹ da omi yẹn nù, ẹ ṣàn án, ẹ gbé e kaná, tó bá ti hó bí ìṣẹ́jú márùn-ún ẹ tún da omi náà nù, kẹ́ ẹ wá bu omi gbígbóná mìíràn sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà gígé. Omi tẹ́ ẹ dà nù yẹn ló ń gbé púpọ̀ nínú ohun tó ń fa inú kíkún lọ, ẹ̀wà tó ti rẹ mọ́jú sì máa ń yá jiná, gáàsì yín á pẹ́ sí i. Ẹ má fi káún sí i rárá. Káún ń mú un rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀ jẹ́, sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, wà nínú ẹ̀, kò sì dáa fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹni tí kì í jẹ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀, ṣíbí ọbẹ̀ méjì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta inú wọn á ti mọ̀ ọ́n.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ ẹ̀wà báyìí? Iṣan ara ń yọ́ bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, iṣan yẹn ló sì ń gbéni dìde lórí àga. Àgbàlagbà nílò purotíìnì tó giráàmù 1 sí 1.2 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wọ̀n. Màmá mi wọn kílò 64, ẹ ṣírò ẹ̀, ife ẹ̀wà sísè kan sì ní bíi giráàmù 13. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ò fi lè tó, ó gbọ́dọ̀ máa yọjú láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Láàárọ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Lọ́sàn-án, àmàlà kékeré pẹ̀lú gbẹ̀gìrì púpọ̀ àti ewédú, gbẹ̀gìrì yẹn kẹ́ ẹ sè é títí tó fi yọ́, kẹ́ ẹ fi ìjábẹ̀ jà á kó kúnná, ṣíbí epo kan ti tó o, kò gbọ́dọ̀ léfòó lórí ẹ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà, ẹni tí eyín ò sí lẹ́nu ẹ̀ ẹ bá a lọ̀ ọ́. Lálẹ́, èkuru, tàbí awárá, ìyẹn wàrà tí wọ́n ń fi sóyà ṣe. Ẹyin sísè àti ẹja ò kúrò nílé wa, àwa ò sọ pé a kì í jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ̀wà tán ẹ fi ọsàn tẹ̀lé e, ọsàn ń jẹ́ kí ara gba irin inú ẹ̀wà, ìyẹn èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tíì sì ń dí i lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó tó bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ tó mu ún.

Mọ́ínmọ́ín elewé ni mo ń sọ o. Ọ̀rá tá à ń sè lórí iná yẹn, mi ò fẹ́ ẹ nínú oúnjẹ màmá mi, tá a bá sì jẹ ẹ́ tán gọ́tà ló ń lọ dí, òjò á dé, omi á wọlé, a ó máa pariwo. Ewé á jẹrà, á di ilẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbi tẹ́ ẹ ti ń ra ẹ̀wà náà. Àwọn kan ń da apakòkòrò sí i kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, torí ẹ̀ ni ilẹ̀ Yúróòpù ṣe fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní 2015. Èmi ń ra kọ́ńgò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà ní Bódìjà lọ́wọ́ ìyá tí mo mọ̀ dáadáa, mi ò sì bẹ̀rù tí mo bá rí kòkòrò díẹ̀. Tí mo bá délé mo sá a sóòrùn, mo dà á sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ títí tó fi kún dé ẹnu, mo dé e pinpin, mi ò ṣí i fún bí oṣù kan. Kòkòrò tó wà níbẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, á kú, láìsí oògùn kankan.

Ẹ̀fọ́ ò le. Ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ má fún omi ara ẹ̀ dànù bí ẹni fún aṣọ, ewúro nìkan ni mo ń fún. WHO ní kí èso àti ẹ̀fọ́ tó giráàmù 400 lójúmọ́, nílé wa a ń fi tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti amúnútutù pààrọ̀ ara wọn kó má bàa sú wọn. Mo lu ihò sí ìdí ike ọ̀dà mẹ́rin, mo kó ilẹ̀ sí i, mo fi igi gbúre gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ti yọ ewé, màmá mi ló ń bomi rin ín. Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń dìde nídìí ike yẹn, mo kà á mọ́ eré ìdárayá wọn.

Wọ́n tiẹ̀ ń bá mi sọ nǹkan kan níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, pé ilẹ̀ tí àwọn bá gbin ẹ̀wà sí lọ́dún yìí, àgbàdo á yọrí níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Òótọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá fa ẹ̀wà tu, ẹ ó rí kókó róbótó róbótó lára gbòǹgbò ẹ̀, àwọn kòkòrò tójú ò rí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún un, ẹ̀wà wá ń ṣe fatiláísà ara ẹ̀. Màlúù ní tiẹ̀ á jẹ koríko fọ́dún mélòó kan kó tó di ẹran, á sì máa gùnfẹ̀ gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Òjò ò rọ̀ lásìkò mọ́, ẹ̀wà sì fara da ọ̀dá ju ọ̀pọ̀ irè oko lọ.

Ọ̀rọ̀ oògùn wá kù, ẹ má fò ó. Kò sí fítámì B12 nínú ewéko, ẹni tó bá yọ ẹyin, ẹja àti wàrà kúrò pátápátá gbọ́dọ̀ máa lo oníhóró ẹ̀, ẹni tó ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà kí ó ní kí wọ́n yẹ B12 òun wò, torí oògùn yẹn lè dín in kù. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ẹ̀fọ́ wọn má ṣe pọ̀ lónìí kó ṣọ̀wọ́n lọ́la, kó máa ṣe déédéé ni. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, kó rí dókítà kó tó kó wọnú ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ má sì fi ẹ̀fọ́ rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ló lè dín in kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, oòrùn ọ̀hún ò tó awọ dúdú, ìjọba ibẹ̀ fúnra wọn ní kí aláwọ̀ dúdú ro ti fítámì D 10 máíkírógiráàmù lójoojúmọ́ yípo ọdún.

Ìrìn: ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ó kéré tán, ìyẹn 30 lọ́nà márùn-ún, ẹ sì lè pín in sí mẹ́wàá mẹ́wàá. A bẹ̀rẹ̀ láti ilé dé mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ kí oòrùn tó mú, bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni o, kì í ṣe sílípáàsì. Bí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò lè kọrin, ìrìn náà dáa. Tí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí òòyì bá ń kọ́ wọn, ẹ dúró, kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Ṣùgbọ́n ìrìn nìkan ò lè tún eékún ṣe, àga yẹn kan náà lẹ ó lò. Ẹ wá èyí tó dúró gbagidi, ẹ fi ẹ̀yìn ẹ̀ ti ògiri. Kí wọ́n jókòó síwájú díẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, kí wọ́n ká ọwọ́ sáyà, kí wọ́n dìde, kí wọ́n wá rọra jókòó padà, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ìdí tó kan àga, torí sísọ̀kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń kọ́ iṣan. Ẹni tí ò bá lè ṣe é, kó fi ìka ọwọ́ ti ara ẹ̀ díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi pílò sórí àga kó ga. Márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́, tó bá rọrùn ẹ fi kún un. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n di etí síńkì mú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀, lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ó kéré tán, kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n.

Oṣù mẹ́rin la ti wà lẹ́nu ẹ̀. Láàárọ̀ yìí màmá mi ṣe mẹ́jọ láì fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ń kà á sókè, wọ́n ní kí n dákẹ́, àwọn fúnra àwọn á kà á.