Bí A Ṣe Dán Okun Ara Àwọn Ọmọ Agbábọ́ọ̀lù Wa Wò ní Abẹ́òkúta

Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni a kọ́kọ́ wá. Ní Abẹ́òkúta tiwa yìí, tí òkúta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pápá tí ọmọ lè sáré 30 mítà lórí rẹ̀ láì gun òkè, láì sọ̀ kalẹ̀, kò wọ́pọ̀. Ọmọ tó bá ń sáré bọ̀ láti orí gẹ̀rẹ́, eré rẹ̀ á yá ju agbára rẹ̀ lọ, ohun tí a bá kọ sílẹ̀ á sì di irọ́. Èmi àti kóòṣì àgbà wò káàkiri títí a fi rí pápá ilé ìwé kan lápá Ìdí-Abà tó tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 15 ni wọ́n wà lọ́dọ̀ wa.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo pe àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara ọmọ yá? Ṣé ibà kò ṣe é láìpẹ́ yìí? Ṣé ó ní ásímà? Kí ni jẹ́nótáìpù rẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí, mi ò fi ṣeré rárá. Ọmọ tó bá ní fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ sá irú eré yìí láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tó bá sì jẹ́ AS, a máa ń rí i pé ó mu omi dáadáa, a kì í sì tì í ju agbára rẹ̀ lọ nínú oòrùn. Ìyá kan bi mí pé, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kó jẹ kó tó máa bọ̀?" Mo ní, "Mà, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ti tó, kó sì jẹ ẹ́ ní bíi wákàtí méjì ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá a tọ́jú àmàlà di ìgbà tó bá délé."

Ọ̀pọ̀ kóòṣì ló jẹ́ pé eré sísá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Gíga àti ìwọ̀n ara ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní tèmi, n kò sì ní yí i padà. A lẹ téèpù mọ́ ògiri. Ọmọ bọ́ bàtà, ó fi gìgísẹ̀ kan ògiri, a wọn gíga rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, a tún wọ̀n ọ́n láti orí bẹ́ǹṣì dé àtàrí. Tí a bá yọ gíga ìjókòó kúrò nínú ti ìdúró, a ti mọ bí ẹsẹ̀ ṣe gùn tó. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gùn, kí ẹ̀yìn àti àyà tó tẹ̀lé e. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14 ni ọmọkùnrin sábà máa ń yára ga jù lọ, ọmọbìnrin ní nǹkan bí 12, ṣùgbọ́n àwọn kan á ti ga tán nígbà tí ẹgbẹ́ wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọmọ méjì nínú kíláàsì kan, tí irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n ọ̀kan, tí èkejì ṣì dà bí ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì tó bá fi irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ wé ara wọn, ìbàlágà wọn ló ń wọ̀n.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbá ọwọ́ ẹ̀yìn ń sọ pé orúnkún ń dun òun. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ orúnkún náà, níbi tí iṣan ti so mọ́ egungun ojúgun, ó ta gìrì. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní Osgood-Schlatter máa ń yọ àwọn ọmọ tó ń sáré, tó ń fò, lẹ́nu lásìkò tí wọ́n ń ga kíákíá. Èmi kì í ṣe dókítà, nítorí náà mo ní kí ìyá rẹ̀ mú un lọ sílé ìwòsàn, ọmọ náà sì ni ó ń bá wa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn tí ara wọn ti gbóná, a ṣe fífò sókè, a sì bọ́ sí eré kúkúrú. Téèpù la fi wọn 10 mítà àti 30 mítà, kì í ṣe ìṣísẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan sá a, ó ń sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín, a sì mú èyí tó dára jù. Ẹnì kan ṣoṣo ló di aago mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí pé ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rọ. Nínú eré ìje 100 mítà, 0.24 ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n máa ń fi kún àkókò tí a fi ọwọ́ gbà kó tó bá ti ẹ̀rọ dọ́gba. Ọmọ tó bá fi 0.1 péré ṣáájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí aago ọwọ́, lójú tèmi, ọgbọọgba ni wọ́n. A tún sá eré kọ́rọkọ̀rọ láàárín kóònù, ìyẹn lọ wẹ́rẹ́.

Ìdánwò okun tí wọ́n ń pè ní Yo-Yo la fi kẹ́yìn, torí ẹni tó bá ṣe é tán kò ní okun fún nǹkan mìíràn mọ́. Jens Bangsbo, onímọ̀ eré ìdárayá ará Dẹ́nmáàkì, ló wà nídìí rẹ̀. Ọmọ á sá 20 mítà lọ, á sá 20 mítà bọ̀, á sì ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 láti fi rọra lọ yípo kóònù tó wà ní mítà 5 lẹ́yìn rẹ̀, kó tó tún gbéra. Ìró láti inú fóònù ló ń darí wọn. Ìwọ̀n kìlómítà 10 ní wákàtí ni eré náà fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń yá sí i. Ẹni tó bá pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan gba ìkìlọ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ó jáde, a ó sì kọ iye mítà tó sá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju eré àsálọ láìdúró lọ, nítorí bí bọ́ọ̀lù ṣe rí gan-an nìyẹn: sáré, mí díẹ̀, tún sáré. Ilé ẹnì kan tó ní jẹnẹrétọ̀ la ti lọ fi iná sí sípíkà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí NEPA kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àárín pápá la sì gbé e sí kí ariwo ọ̀kadà má bàa bo ìró náà.

Ẹni tó gba ipò kìíní nínú 30 mítà, tó tún ga jù, jáde ní 640 mítà. Ọmọ kékeré kan tí àwọn kan ti ń sọ pé ká dá padà sílé ná sá 1,120, ìyẹn ìlọ-àbọ̀ 28. Ìyẹn nìkan kò sọ pé òun ló mọ bọ́ọ̀lù jù, kò sì sí ọ̀kankan nínú àwọn ìdánwò yìí tó lè wọn ojú tí ọmọ fi ń rí àyè. Ṣùgbọ́n ó tó láti pa àwọn tó fẹ́ lé e lẹ́nu mọ́, inú mi sì dùn púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò ṣeé fò kọjá. Bí òbí bá fún wa ní "ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù", ìyẹn ọjọ́ orí tí wọ́n ti dín kù nítorí bọ́ọ̀lù, gbogbo ìwé tí a kọ ti dàrú nìyẹn. Ní 2009, nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 17, tí Ìjẹ̀bú-Òde wà lára ìlú tí wọ́n ti gbá a, ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, láti mọ bóyá wọ́n ti dàgbà jù fún ìdíje náà. Àwa kò ní MRI, nítorí náà ìwé ìbí ni mo ń béèrè, mo sì máa ń ṣàlàyé fún bàbá àti ìyá pé ọmọ wọn gan-an ni irọ́ náà máa pa lára, torí iṣẹ́ tí kò bá ara rẹ̀ mu la máa fún un ṣe.

A kò lẹ èsì mọ́ ara ògiri. Olúkúlùkù gba ìwé tirẹ̀, òbí tó bá béèrè ẹni tó gba ipò kìíní, ìwé ọmọ rẹ̀ ni mo ń fi hàn án. Àwọn tí okun wọn tètè tán ń gbá mọ́ńkí-póòsì ẹni mẹ́rin sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì a ó tún dán wọn wò, lórí pápá kan náà, ní wákàtí kan náà, ẹni tó di aago mú lọ́jọ́ náà ni yóò sì tún dì í mú.