Bẹ́ẹ ṣe máa tọ́jú aṣọ aró Jàpáànù kó má bàa ṣá

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń ra aṣọ aró Jàpáànù, yálà tenugui tí wọ́n fi ń nu ọwọ́ ni o, noren tí wọ́n ń fi kọ́ ẹnu ọ̀nà bíi kọ́tìnnì ni, àbí yukata, aṣọ kìmónò òwú fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń wọ̀ nígbà ooru, gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì jù ú sínú maṣíìnì ìfọṣọ. Ẹ kọ́kọ́ mọ nǹkan kan nípa aró. Aró kì í wọnú òwú lọ jinlẹ̀, ara òwú níta ló máa ń lẹ̀ mọ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan lórí èkejì, ìdí nìyẹn tí àwọn aláró wọn fi máa ń ki aṣọ bọ inú ìkòkò, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́, títí á fi dú tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, atẹ́gùn ló máa ń sọ ọ́ di búlúù lójú yín báyìí.

Iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀ pọ̀ o. Ní Tokushima, agbègbè kan ní Jàpáànù, ewé tade-ai ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ewéko kan náà pẹ̀lú ẹ̀lú tá a mọ̀, àmọ́ aró kan náà ló wà nínú méjèèjì. Wọ́n á kó ewé gbígbẹ jọ, wọ́n á máa wọ́n omi sí i, wọ́n á máa yí i padà fún nǹkan bí 100 ọjọ́ títí á fi rí bí ilẹ̀ dúdú, òun ni wọ́n ń pè ní sukumo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi omi eérú igi pò ó, wọ́n á fi èèpo àlìkámà àti ọtí ìrẹsì sí i kó lè kan. Tí ìfófòó bá yọ sókè, òdòdó aró ni wọ́n ń pè é. Mi ò lè wo gbogbo ìyẹn kí n wá fi bílíìṣì fọ̀ ọ́ láéláé.

Tí aṣọ bá ṣì tuntun, ẹ rì í sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, láìfi ọṣẹ sí i. Omi yẹn lè pọ́n bíi tíì tí ò le, ẹ má bẹ̀rù, aku nìyẹn, ìdọ̀tí tó bá omi eérú àti ewé wá. Ẹ dà á nù, ẹ tún bu òmíì, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí omi á fi mọ́. Ẹ máa rí i pé búlúù ẹ̀ á tún tàn sí i lẹ́yìn náà. Iyọ̀ àti fínígà táwọn kan ń ní ká fi de àwọ̀ mọ́lẹ̀, kò ṣe nǹkan kan fún aró, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Tó bá wá di fífọ̀, omi tútù, ọṣẹ tí ò le, tí ò sì ní bílíìṣì nínú, ẹ yí inú aṣọ síta, ẹ fọ̀ ọ́ lóun nìkan. Ẹ kàn máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ má bó o, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, torí ohun tó lẹ̀ mọ́ ara òwú ni fífi nǹkan ha máa ń gbé lọ. Ẹ má fún un pọ̀ fi sílẹ̀ ní tútù pẹ̀lú aṣọ funfun o. Ibi tí oòrùn ò sí ni kẹ́ẹ sá a sí. Mo ká tenugui kan sórí àga lẹ́bàá fèrèsé rí, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, nígbà tí mo máa tú u, ìlà gbọọrọ tó ní àwọ̀ eérú ti wà lójú ibi tó kọjú sí oòrùn, ìyókù ṣì dú kíríkírí. Ìlà yẹn ò lọ mọ́ títí dòní. Látìgbà yẹn, inú àpótí aṣọ ni mo ń kó wọn sí, mo sì máa ń yí ojú ibi tí mo ti ká wọn padà.

Shibori, ìyẹn aṣọ àdìrẹ oníko, ti Arimatsu, ìlú kan ní Jàpáànù níbi tí wọ́n ti ń di aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láti 1608, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án, ìsúnkì ara ẹ̀ lẹwà ẹ̀, áyọ́ọ̀nù á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Tó bá ya ńkọ́? Ẹ ṣe sashiko, ìyẹn irú aṣọ rírán táwọn àgbẹ̀ ìhà àríwá Jàpáànù máa ń ṣe láyé àtijọ́ kí aṣọ wọn lè nípọn kí ó sì pẹ́. Ẹ fi àbùlẹ̀ sẹ́yìn ibi tó ya, ẹ fi òwú funfun rán an ní ìlà, ojú abẹ́rẹ́ tó wà lókè kó gùn díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Tẹ́ẹ bá parí ìlà kan, ẹ fi àtàǹpàkò fa aṣọ náà gùn kó má bàa súnkì, tẹ́ẹ bá sì fẹ́ yí sí ìlà kejì, ẹ fi òwú sílẹ̀ lẹ́yìn díẹ̀ bí òrùka kékeré. Aṣọ tẹ́ẹ ti fọ aku kúrò lára ẹ̀ dáadáa ni kẹ́ẹ rán o, torí tí ò bá tíì mọ́, àwọ̀ lè ràn mọ́ òwú funfun yẹn lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.