Bí mo ṣe gba táǹkì CG 125 bàbá mi là

Honda CG 125 tí bàbá mi fi sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀kadà. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń gùn ún, láti Ìtòkú dé Lafẹnwá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà. Mẹkáníìkì ní kabúrétọ̀ ni; a fọ̀ ọ́, ó tún dí. Ìgbà tí mo tú táápù epo ni nǹkan kan já bọ́, ó ń fà bí ewédú.

Ọ̀dà ni: ẹnì kan ti da ọ̀dà polyester (irú ọ̀dà oníke kan) sínú táǹkì náà tipẹ́. Ethanol tàbí methanol (irú ọtí líle) inú epo máa ń tú irú rẹ̀ (ẹ rántí epo tó ní methanol tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2022). Ethanol tún máa ń fa omi mọ́ra, irin á sì dípẹtà.

Acetone (omi tó ń tú ọ̀dà) àti ìkúnwọ́ nọ́ọ̀tì irin ni mo fi yọ ọ̀dà náà. Mo mì ín títí apá mi fi kú. Ìta gbangba ni o, iná kankan kò gbọdọ̀ sí nítòsí! Lẹ́yìn náà ni fínígà fún ọjọ́ 2 láti jẹ ìpẹtà kúrò, omi báákìn sódà láti pa kíkan rẹ̀, omi lásán, kí oòrùn Abẹ́òkúta tó gbà á. Bí ọ̀rinrin bá kù, ọ̀dà tuntun kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Epoxy (ọ̀dà tí a máa ń po apá méjì rẹ̀ pọ̀ kó tó le) tí wọ́n ṣe fún epo tó ní ethanol ni mo pò. Mo ń yí táǹkì kiri, mo sì ro èyí tó ṣẹ́kù dànù. Lẹ́ẹ̀kọ́kọ́, mo gbàgbé láti dí ihò táápù. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń họ epoxy tó wọ ibẹ̀ fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Ọjọ́ 5 ló lò kí n tó bu epo sí i.